Orí Kẹfà: Ogún Tó Wà Lọ́wọ́ – Ìlọrin Lójú Ẹni Tó Wá Wò Ó

Bí àlejò bá sọ̀ sílé wa ní Adéwọlé lónìí, tó ní ká mú òun lọ wo ohun àtàtà ní Ìlọrin, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ. A ó ní kó lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá, kó wo ààfin Ẹ́míà, a ó wá ra wàrà fún un nígbà tó bá ń bọ̀. Ìdáhùn náà kò burú, àmọ́ ó kéré. Adéwọlé jẹ́ àdúgbò ilé ìgbàlódé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wá láti ìlú lóríṣiríṣi, iṣẹ́ ìjọba ló sì kó ọ̀pọ̀ wọn jọ. Nítorí náà, ọmọ lè ti ibẹ̀ dàgbà, kó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kó má tíì wọ agbo ilé kan rí nínú ìlú àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ti ń kọ orí yìí.

Ìlọrin ní ilé tó tọ́ kéèyàn lọ wò, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ogún rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́: obìnrin tó ń mọ ìkòkò, ọkùnrin tó ń hun aṣọ, Àáfà tó ń fi gègé kọ̀wé. Níbi tí ọwọ́ bá ti dúró, ogún náà dúró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn yín bí a ti ń lọ láti ibi kan dé òmíràn.

Òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin

Orúkọ ìlú ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, òkúta kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọdẹ àti arìnrìn-àjò ti máa ń pọ́n ọ̀bẹ, àdá àti ọfà wọn. Ibi tí wọ́n ti ń lọ irin ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì di Ìlọrin nìyẹn. Ìtàn kejì ní ‘ìlú erin’ ni, nítorí pé erin pọ̀ nínú igbó ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ti àkọ́kọ́ ni èmi gbà, nítorí òkúta náà ṣì wà. Ó wà ní agbo ilé Àsájú ní Ìdí-Àpẹ́, a sì gbọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n ń bọ ọ́.

Ẹni tó bá ń retí ohun àrà yóò kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti tan òun. Òkúta ni, kò ga, kò dán. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Ìlú mélòó ni irinṣẹ́ fún lórúkọ? Ọ̀pọ̀ ìlú ń jẹ́ orúkọ ọba, orúkọ odò, tàbí orúkọ òkè. Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ‘lọ ata’ náà ló wà nínú rẹ̀: kí a mú nǹkan, kí a fi pa òkúta lára lọ pa á lára bọ̀, títí yóò fi rí bí a ti fẹ́ kó rí. A ó tún padà bá ọ̀rọ̀-ìṣe yìí níwájú.

Agbo ilé ènìyàn ni òkúta náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá baálé, kó kí i, kó sọ ohun tó bá wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ó dárúkọ nínú orí yìí. Kò sí ẹnubodè tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ọ̀nà ilé ló wà níbẹ̀, ìkíni sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Bí ìlú ṣe di ti Ẹ́míà

Láti ibi òkúta, ìtàn bọ́ sọ́wọ́ Láderin àti àwọn ọmọ rẹ̀, títí tó fi kan Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ọ̀yọ́. Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Aólẹ̀. Nígbà tó ń wá agbára kún agbára, ó pe Ṣéhù Àlímì, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó jẹ́ Fúlàní, kó wá bá òun gbé. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti wà lọ́dọ̀ Sólàgbẹ́rù, olórí wọn, ní Òkè Súnà. Ìjà dé láàárín àwọn tó jọ gbé ìlú, wọ́n sì pa Àfọ̀njá ní nǹkan bí 1823 sí 1824. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, ni Ẹ́míà àkọ́kọ́. Ìran Àlímì ló ń jọba títí di òní. Ẹ́míà Ibrahim Sulu-Gambari gorí oyè ní 1995.

Ẹ má rò pé ìtàn yìí ti di ọ̀rọ̀ àná. Ó ṣì ń ta àwọn ènìyàn lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ ṣe ìwádìí yóò gbọ́ ohun kan ní agbo ilé Àfọ̀njá, yóò gbọ́ òmíràn ní ẹ̀bá ààfin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ti gbọ́ wọn. Ohun tí ojú lè rí nínú ìtàn náà ni bí wọ́n ti pín ìlú sọ́wọ́ àwọn Balógun mẹ́rin: Àlànámù, Ajíkòbì, Fúlàní àti Gàmbàrí. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn nínú ìlú àtijọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára bí ó bá ti kúrò lábẹ́ ọ̀kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company tí Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kó wá gba ìlú náà. Ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀ ní 1908. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìlọrin di olú-ìlú ohun tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí.

Ẹbu Dada

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ nìyí. Ẹbu ni ibi tí a ti ń mọ ìkòkò, Ẹbu Dada ní apá Òkèlélé sì wà lára èyí tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà nínú àwọn ibi tí obìnrin ṣì ti ń fi ọwọ́ lásán mọ ìkòkò. Kí a tó débẹ̀, èéfín ló ń júwe ọ̀nà. Bí a bá dé, ìkòkò ni lọ́tùn-ún, ìkòkò ni lósì: èyí tó tutù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́, èyí tó ń gbẹ, èyí tó pọ́n, èyí tó dúdú.

Kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń yí amọ̀ níbẹ̀. Obìnrin ló ń yí. Yóò da ojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, yóò tẹ́ amọ̀ tó ti gún dáadáa sí ìdí rẹ̀, yóò lù ú kó tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba. Bí èyí bá gbẹ díẹ̀, yóò ṣí i kúrò, yóò dá a padà, yóò wá máa fi amọ̀ tó ti yí bí okùn mọ ọrùn àti ẹnu rẹ̀ lé e. Àsìkò yìí ló ń rìn: yóò tẹ̀ ba, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin alágbára kan tó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú. Kò tíì rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ìyá tó fún un láyè rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, rọra. Amọ̀ kì í fẹ́ agbára, sùúrù ló ń fẹ́.” Ìyá náà sọ fún wa pé ọwọ́ ìyá òun lòun ti kọ́ ọ, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ sì nìyẹn náà ti kọ́ ọ.

Nígbà tí ìkòkò bá gbẹ tán, wọn yóò tò wọ́n jọ, wọn yóò fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọn yóò finá sí i. Irú iná gbangba bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbóná ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, ara ìkòkò kì í di pátápátá bíi ti abọ́ tánńganran. Ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí máa ń kù sí i lára. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àbùkù ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Omi inú àmù á máa rọra sun jáde láti inú ihò wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ, bó sì ti ń lọ, ó ń fa ooru kúrò lára omi tó kù. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Ìkòkò ọbẹ̀ àti ìṣaasùn ní tiwọn kò gbọdọ̀ jò, nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń fi igi gbé wọn jáde láti inú iná, wọn á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso irúgbá sè sí wọn lára. Ó máa ń hó ṣàà, ara ìkòkò á sì dúdú, á máa dán.

Àmù tí wọ́n fín ní àrà lára ni a fi ń mọ Ìlọrin láàárín àwọn ìlú amọ̀kòkò. Ọ̀kan wà ní ìyẹ̀wù ìyá mi àgbà, orí iyanrìn tútù ló máa ń jókòó sí. Fíríìjì ló lé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti fọ́. Ó dùn mí. Ohun tó ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí ni pé bí igi ìdáná ti ń wọ́n, tí ilé sì ń ya wọ ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, ìnáwó àwọn ìyá wọ̀nyí ń ga, bẹ́ẹ̀ iye tí a fẹ́ san fún ìkòkò kò kúrò lójú kan.

Òwú tó yè, ìlẹ̀kẹ̀ tó kú

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1836 sí 1837, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fọ́n káàkiri, ọ̀pọ̀ sì gba Ìlọrin wá. Wọ́n bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, Ìlọrin sì di ẹgbẹ́ Ìsẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ nínú híhun aṣọ òkè. Iṣẹ́ ọkùnrin ni òfì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ kì í fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n ń rán pọ̀ tó ń di agbádá, ìró, gèlè àti ìborùn. Mẹ́ta ni àgbà nínú wọn. Ẹtù jẹ́ òwú tí a rẹ sínú aró títí tó fi dúdú bí ìyẹ́ awó. Sányán jẹ́ òwú kòkòrò inú igbó, àwọ̀ rẹ̀ kò pupa kò funfun. Àlàárì pupa, òwú rẹ̀ ti òkèèrè wá, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òwú ilé-iṣẹ́ àti ṣáínì-ṣáínì ló gbòde báyìí, àwọn kan sì máa ń sunkún lórí rẹ̀. Èmi kì í bá wọn sunkún. Àlàárì pàápàá, òwú àjèjì ni. Ọgbọ́n tó wà nínú ọwọ́ ahunṣọ ni kó má sọ nù.

Ọgbọ́n lè sọ nù lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ìtàn lántàná. Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa ni, Ìlọrin ni wọ́n sì mọ̀ fún un. Àwọn oníṣòwò Hausa ló ń gbé òkúta náà wá láti òkè ọya. Àwọn ọkùnrin tí ìdílé wọn sọ pé láti Ọ̀yọ́-Ilé làwọn ti gbé iṣẹ́ náà wá ni wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi irin ṣóńṣó lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi dán. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn o: lọ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń fi òkúta lọ irin di ìlú tí wọ́n ti ń fi òkúta lọ òkúta. Ìjòyè ń wọ̀ ọ́, ìyàwó ń wọ̀ ọ́, òwò rẹ̀ sì kọjá ilẹ̀ Yorùbá.

Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó dé. Ó jọ lántàná, ó sì rọ àwọn olùrà lọ́rùn jù ú lọ. Nígbà tí J. D. Clarke kọ nípa àwọn oníṣẹ́ náà ní 1938, iṣẹ́ ti ń lọ sópin. Nígbà tí Ann O'Hear ṣe ìwádìí tirẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1986, ìtàn àwọn tó ti ṣe é ló kù láti gbà sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣì wà nínú àpótí àwọn ìdílé kan àti nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. A lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣe é ti lọ. Ẹ fi èyí wé Ẹbu Dada, kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ìparí orí yìí.

Wàláà àti tàdáà

Iṣẹ́ ọwọ́ kan tún wà tí a kì í sábà kà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́: ìwé kíkọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ilé kéwú ti kún Ìlọrin. Ọmọdé ń fi gègé àti tàdáà kọ hárúfù sórí wàláà, ó ń fọ̀ ọ́ nù, ó ń tún un kọ. Èyí tó bá já fáfá á dàgbà di Àáfà tó ń fọwọ́ da odidi ìwé kọ. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àjàmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé kí a fi hárúfù Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ní Málétè, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara dá ibùdó sílẹ̀ fún àkójọ irú ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ikán àti òjò kì í dá ìwé sí.

Ìmọ̀ náà kò dúró nílé. Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilori, tí wọ́n bí ní 1917, dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952 kó tó gbé e lọ sí Agége. Àwọn tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti lẹ́yìn odi. Ó kú ní 1992.

Mọ́ṣáláṣí, ààfin, ẹṣin

Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nítòsí ààfin báyìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wà ní ìhà Ìdí-Àpẹ́ àti àyíká rẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ti òní lélẹ̀, Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí i ní 1981. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà lè wò ó láti ìta; kó bọ́ bàtà, kó sì béèrè kó tó wọlé. Ọjà Ọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ní àkókò Iléyá, ẹ lọ wo Dọ́bà. Àwọn ẹlẹ́ṣin yóò jáde lábẹ́ Balógun kọ̀ọ̀kan, aṣọ àrán lára ẹṣin, láwàní lórí ẹni tó gùn ún, wọn yóò sì sá eré wá síwájú Ẹ́míà, wọn yóò fa ìjánu lójijì, wọn yóò gbé ọwọ́ sókè kí i. Oríkì ìlú fi ẹṣin sí ipò tí ìlú mìíràn fi eégún sí, ọjọ́ yẹn ló sì máa ń yé ọmọdé ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ eégún kò kúrò pátápátá: orin dàdàkúàdà, tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú gbé dé ibi gíga kó tó kú ní 1997, inú iwì àwọn ọ̀jẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ohun tí Kilkenny ṣe

Ìlú kan wà ní Áílándì tó lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ogún ọwọ́ yìí, Kilkenny ló ń jẹ́. Odò Nore gba inú rẹ̀ kọjá bí Odò Àsà ti gba inú Ìlọrin. Ó ní ààfin òkúta tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Saint Canice tó ní ilé ìṣọ́ róbótó tí àlejò lè gùn dé orí, ó sì ní ilé oníṣòwò kan, Rothe House, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1594. Ní 1967, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ìdílé Butler tó ni ààfin náà fi í fún àwọn ará ìlú ní àádọ́ta pọ́n-ùn péré, nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ ti ju agbára wọn lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ààfin náà ni ẹ̀kọ́ tiwa wà. Ní 1963, ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, Kilkenny Design Workshops, wọ́n sì fi í sí inú ilé tí wọ́n ti ń so ẹṣin ààfin mọ́lẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, amọ̀kòkò àti ahunṣọ kó wọ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà parí ní 1988, síbẹ̀ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá wá wo ààfin sì lè ra ohun tí ọwọ́ ṣe kó tó lọ.

Owó ìjọba ni wọ́n fi kó oníṣẹ́ ọwọ́ jọ. Àwa ní oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kó jọ, ìdílé ló tò wọ́n síbi tí wọ́n wà. Kí la wá ń dúró dè? Lójú tèmi, Ẹbu Dada kò nílò ilé aláràbarà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ amọ̀ wọn wà láìsí ẹni tí yóò kọ́lé lé e. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe é gbà lásìkò òjò. Kí ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì Ìlọrin máa fi ìṣaasùn Ìlọrin gbé ọbẹ̀ wá fún àlejò. Kí àwa ará Adéwọlé náà sì ra àmù kan sílé.

Lẹ́yìn odi ìlú

Àlejò tó bá ní ọjọ́ kan sí i lè gun Òkè Sóbí, tó ga ní nǹkan bí mítà 394 sí ojú òkun, tó sì jẹ́ ibi ààbò nígbà ogun. Láti orí rẹ̀ ni a ti ń rí bí ìlú ti tẹ́ lọ. Ní Èsìẹ́, ère òkúta ọṣẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan jókòó pọ̀ nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945. Ìṣàn omi Ọ̀wù wà ní Ìfẹ́lódùn, afárá ojú irin àti òkúta ìrántí Mungo Park àti Lander sì wà ní Jẹ́bà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó orí tirẹ̀, a ó sì bá wọn pàdé lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú agbo ilé kan nínú ìlú àtijọ́, kí ẹ kọ́kọ́ rán ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ tọrọ àyè. Ẹ má ya fọ́tò kí wọ́n tó gbà. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ wò fún wákàtí kan gbáko kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é níbẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ mọ orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ ṣe àlàyé, ní ojú ìwé kan, ìdí tí lántàná fi kú tí Ẹbu Dada kò sì tíì kú. Ẹ wo ibi tí ohun èlò ti ń wá, ẹni tó ń rà á, àti ohun tó wá bá a du ọjà.

Ní ìparí, ẹ wá ohun kan nílé yín tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ní Ìlọrin, ì báà ṣe aṣọ, ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé: ta ló ṣe é, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, ta ló sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí?